Fídíò Màmá Tí Mo Yí Ọjọ́ Rẹ̀ Padà

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni mo fi parọ́ fún ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Mi ò jí nǹkan kan tí èèyàn lè dì mú lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò rí ibi tí mo ti lè bá a wá a padà.

Bí ẹ bá ń tọ́jú òbí nílé, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín sì ń ti ọ̀nà jíjìn wò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán.

Àwa méjì ni Màmá bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wa ọkọ̀ ojú irin ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Bàálù méjì lèèyàn máa wọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ilé iṣẹ́ so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń pè mí ní Ọ̀gá Waya.

Màmá fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó wá àṣìṣe inú rẹ̀. Kódà bébà tí wọ́n fi wé búrẹ́dì, Màmá á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. "Wọ́n gbàgbé àmì kan síbí," á wí bẹ́ẹ̀, á wá jẹ búrẹ́dì rẹ̀.

Nígbà tí iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra, mo kó padà sílé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sóun. Orí fóònù lásán la kọ́kọ́ ń gbé e gbà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe.

Ọjọ́ kan ni ọwọ́ mi ṣì. Dípò kí n fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo fi í sójú ibi tí gbogbo ẹbí ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣẹ́mísì nìkan ló wà lọ́rùn Màmá. Ó ń bá dígí jà, ó ní obìnrin tó wà nínú rẹ̀ ti jí bàtà òun wọ̀. Kó tó di ọ̀sán, mọ̀lẹ́bí wa kan ti pín in káàkiri. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni màmá tó ń bá dígí jà?"

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Màmá kì í ṣe eré ìtàgé. Ọ̀gá Waya, ṣé o ò lè ṣe ibì kan tó jẹ́ pé àwa méjì nìkan la máa lè wọ̀ ọ́?"

"Mo lè ṣe é."

"Ṣe é dáadáa. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tún fi Màmá rẹ́rìn-ín mọ́."

Mo sì ṣe é dáadáa, kí n má purọ́. Mo wá àpótí kékeré kan tó ń gba dísíkì méjì tí wọ́n ń tọ́jú fídíò sí, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá wọ dísíkì kìíní, ó ń da á kọ sí ìkejì, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Mo tì í pa débi pé bí olè bá gbé odindi àpótí náà lọ, lẹ́tà játijàti ni yóò máa kà nínú rẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mo pa á rẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mi ò ṣí ìlẹ̀kùn kankan sí ìta. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan ni mo là gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá, fóònù mi àti fóònù ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá tún dé ẹnu ọ̀nà tán ṣì máa tẹ nọ́ńbà mẹ́fà kan tí kì í pé ìṣẹ́jú kan kó tó yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, mò ń da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dísíkì kẹta tí mò ń tọ́jú síbi iṣẹ́, nítorí iná àti omi.

Fódà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti àwa méjèèjì, Ẹtì la pè é, torí ọjọ́ Ẹtì la fi àdéhùn sí pé fídíò tuntun yóò máa wọlé. Ìkejì jẹ́ tèmi nìkan, ibẹ̀ ni mò ń da gbogbo ohun tí mo bá yà sí kí n tó ṣà á.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà wọlé, yàrá ìsinmi àwọn awakọ̀ ló wà. Ó pariwo débi pé mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kó rọra.

"Mo ti rí Màmá! Ọ̀gá Waya, ọwọ́ ẹ dáa!"

Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò já wọ ibẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọjọ́ Ẹtì fi di ọjọ́ ìdánwò fún mi. Bí fídíò bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè á tẹ̀ lé e.

"Kí ló ṣe irun Màmá?" "Ṣé o ń fún un lóògùn lásìkò?" "Bùláòsì ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ́ nìyí?" "Ohùn ẹ ti le jù nígbà tó ò ń bá a sọ̀rọ̀."

Mi ò bá a jà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. "Ẹ má bínú," ni mo máa ń sọ, màá sì padà sídìí ọṣẹ àti táwẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀sẹ̀ kan wá dé tí Màmá kọ̀ láti wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ju kọ́ọ̀bù lù mí níwájú orí, ó ní kí n jáde nílé òun. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo gbé fóònù sókè sí i, mo wò ó, mo gbé fóònù sílẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè fi han èèyàn níbẹ̀.

Mo wọ inú fódà tèmi. Mo rí fídíò kan níbẹ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn, tí mi ò fi ránṣẹ́ rí. Màmá ń ka ìwé ìròyìn, ó ń fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ àṣìṣe, ó ń fi àwọn tó tẹ̀ ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo yí ọjọ́ ara fídíò náà padà sí ọjọ́ náà gan-an. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo tì í sínú Ẹtì.

Kò pé wákàtí kan tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi fi dé.

"Àbúrò mi, Màmá mà ti ń sàn! O ṣé, o ṣé gan-an ni. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe láìsí ẹ."

Mo jókòó sí etí baàfù, mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ti tó ọdún kan tẹ́nikẹ́ni ò ti kí mi kú iṣẹ́.

Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣe é. Ọwọ́ mi mọ́ ọn. Bí òjò bá ń rọ̀ nínú fídíò, mi ò ní lò ó ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Mo wá ìwé kékeré kan tí mò ń kọ àwọ̀ bùláòsì sí, kí èyí tó jọra má baà tẹ̀ léra. Ẹ̀gbọ́n mi ò bèèrè irun mọ́. Ó kàn ń dúpẹ́ ṣáá ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, mo gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀. Dókítà yẹn bi í ní ìbéèrè díẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Ta ni ó ṣì mọ̀?"

"Ó máa ń mọ̀ mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń bèèrè ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó tètè máa bọ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kú o, ara rẹ̀ le ju tiwa lọ. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí màmá yìí mọ òun, kó wá nísinsìnyí."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé Màmá délé.

Lọ́jọ́ kejì gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Ìsinmi ọdún rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ń bẹ̀ mí ká jọ pààrọ̀ ìsinmi. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ. Bí mo bá gbà fún un, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó lè wá. Kí lo rò? Ṣé kí n gbà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí gan-an ni. Ìdí síǹkì ni mo wà, omi ń ṣàn lórí àwo. Bí mo bá ní kó máa bọ̀, ó máa wá rí ojú ọgbẹ́ iwájú orí mi. Ó máa rí ìlẹ̀kùn ìta tí mò ń fi àgádágodo tì mọ́ Màmá. Ó máa mọ̀ pé fídíò mẹ́sàn-án tí òun fi ń yangàn fún àwọn ará ibi iṣẹ́ òun, kò sí òótọ́ kan nínú wọn.

"Màmá wà dáadáa," mo ní. "Ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ wá."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Mo pa omi. Mo nu àwo yẹn, mo gbé e sípò.

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mò ń gé èékánná Màmá ní ọ̀sán, mo gbé fóònù ti ife tíì, ó ń yà wá. Ojú Màmá ṣàdédé là. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ti ìta wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́, Màmá."

"Sọ fún un kó wá."

"Màá sọ fún un."

Ó di ọwọ́ mi mú, tòun ti ohun tí mo fi ń gé èékánná.

"Má dá mi lóhùn bí ọmọdé. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Mò ń kàwé, ọ̀rọ̀ ń pa rẹ́ mọ́ mi lójú. Sọ fún un kó wá kí n tó gbàgbé ojú rẹ̀."

Fídíò yẹn gùn tó ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀. Mo gbé e sínú fódà tèmi, mo fi páásíwọ́ọ̀dù mìíràn tì í lọ́tọ̀. Mi ò pa á rẹ́, mi ò sì mọ ìdí. Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún ò wá. Nǹkan kan ò wá. Mo gé èékánná ọwọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ò kàwé mọ́. Ó ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun," á sọ bẹ́ẹ̀ tí mo bá wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Wọ́n yọ eyín iwájú rẹ̀ kan, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí ìròyìn lásán, mo sì gbàgbé pé mo sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù.

"Ó ń sùn," mo ní.

Ìgbà mìíràn: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí lónìí."

"Ìwọ tó ò ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún odindi ilé iṣẹ́? Ẹni tó ń tajà ló wá ń ra tirẹ̀ níta?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Fídíò ń tán lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé èyí tó gùn sí méjì. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀, obìnrin kan tó ń bá mi dúró ti Màmá á ní kò sí wàhálà, màá ní ó dáa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni, màá ní dáadáa ni. Mi ò sì mọ̀ ọ́n lára pé irọ́ ni.

Ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi wá dé.

"Mi ò fẹ́ ẹ̀bùn kankan," ó ní. "Kí Màmá ṣáà kí mi, kó pe orúkọ mi."

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí Màmá ò ti la ẹnu. Mo wá inú fódà títí mo fi rí èyí tí a yà lọ́dún tó kọjá fún ọjọ́ ìbí yìí kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì la yà á lọ́dún náà, torí Màmá wúkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ìkejì ni mo fi ránṣẹ́ nígbà náà. Mo gé ikọ́ yẹn kúrò lára àkọ́kọ́, mo yí ọjọ́ rẹ̀ padà, mo tì í sínú Ẹtì. Mi ò tẹ́tí sí i dé òpin.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fèsì. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ méjì kọjá. Lọ́jọ́ kẹta, ó kọ ọ́ ránṣẹ́: "Mo rí i. O ṣé." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Mo rò pé ẹni tó ń wo mítà iná ni. Mo ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró síbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, báàgì kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé.

"Màmá dà?"

Ìdí fèrèsé ni Màmá wà, mo ti fi táwẹ́ẹ̀lì yí i lọ́rùn torí oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ju báàgì sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá mi. Èmi ni. Mo ti dé."

Màmá wò ó. Ó tẹrí ba díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó bá gbé ìwé wá sí ilé ìtẹ̀wé láyé ìjọ́un.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ má kúnlẹ̀ o, àga wà níbẹ̀ yẹn. Ọmọ mi àgbà ń bọ̀. Ẹ lè dúró dè é."

Ẹ̀gbọ́n mi ò dìde.

"Níbo ni ọmọ yín àgbà wà, mà?"

"Ó ń wa ọkọ̀ ojú irin," Màmá dá a lóhùn. "Ó máa tó dé."

Ẹ̀gbọ́n mi gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó fún Màmá lóúnjẹ tán, ó nu ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí sí ilé ìdáná, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Ọmọ ọdún mélòó ni mo pé lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Mọ́kànléláàádọ́ta."

"Kí ni Màmá sọ?"

Mi ò mọ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ jáde. Ohùn Màmá gba gbogbo ilé ìdáná: "Ọmọ mi pé àádọ́ta ọdún lónìí, àádọ́ta géérégé!"

"Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti gbàgbé ni," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mo jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin mi ní ibùdókọ̀ tó gbẹ̀yìn, mo sunkún. Mo wá tún un wò. Eyín iwájú tó o ní wọ́n yọ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó pé sẹ́nu rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo padà lọ wo gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ kan, eyín wà. Ọ̀sẹ̀ kejì, eyín wà."

Ó nawọ́ mú fóònù mi, ó gbé e fún mi.

"Ṣí fódà tìẹ."

Mo ṣí i. Ó wo àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Màmá tó ń bú mi, Màmá tó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá tó ń wo ògiri. Ó dé orí èyí tí mo tì lọ́tọ̀. Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan ló wò ó. Nígbà tó dé ibi "kí n tó gbàgbé ojú rẹ̀," ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà, ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo nìyí?"

"Oṣù méje sẹ́yìn."

"Ìsinmi mi ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, ká ní mi ò pààrọ̀ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ǹ bá ti wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mò ń retí ariwo. Ariwo ò dé.

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?" Bó ṣe béèrè rẹ̀ nìyẹn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà.

Òótọ́ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi. "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì yẹn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Ò bá ti sọ fún mi pé ó rẹ̀ ẹ́."

"Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́."

"Wàá ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti rẹ̀ mí.' Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó gba ìsinmi gígùn níbi iṣẹ́. Lójoojúmọ́, bí Màmá bá ti sùn lọ́sàn-án, ó ń pè mí jókòó sídìí tábìlì. A mú fídíò kọ̀ọ̀kan, mo dá ọjọ́ rẹ̀ gangan padà sára rẹ̀, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sán mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Nígbà tí a parí, ó ní òun fẹ́ yọ fóònù mi kúrò lára àwọn tó lè wọ ibẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi ni mo jókòó tì í tí mò ń sọ fún un: "Ẹ tẹ ibí yìí. Ẹ fa ìyẹn wálẹ̀. Ẹ pa á rẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣé ó ti parí?" Mo ní ó ti parí.

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì dákẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú òbí, bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ wí. Ẹ wí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí irọ́ tó mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà jíjìn, kẹ́ ẹ tó bèèrè irun àti bùláòsì, ẹ bèèrè ẹni tó ń ya irun yẹn. Mi ò fi ti ẹ̀gbọ́n mi wá àwíjàre o. Èmi ni mo ṣe é.

Àwa méjèèjì la jọ wà nílé báyìí. Òun ló ń ṣe ti àárọ̀, èmi ń ṣe ti ìrọ̀lẹ́, a sì jọ ń wà níbẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ tí a ń bára wa sọ kò ju "Ó ti lo oògùn?" "Ó ti lò ó" lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá ń jẹun láàárín wa. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì méjì yìí jọra o. Ṣé ìyá kan náà ló bí yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Màmá mirí, ó rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín yẹn hàn.

"Inú ìyá yín á máa dùn gan-an ni," ó ní, "bó ṣe ń rí yín pa pọ̀ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n mi bu oúnjẹ sí ṣíbí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tutù. Mo na omi sí i, ó gbà á.